Máìkì Olówó Pọ́ọ́kú fún Akọrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Máìkì tó bá wọ Ìkàrẹ́ lónìí, ọ̀nà Èkó ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹnìkan a rà á ní Alábà tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, a dì í sínú báàgì, a gbé e lé awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Àkókó lọ́wọ́. Ẹlòmíràn a dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ a tẹ fóònù, wọ́n á rà á lórí Jumia. Ẹni tó fẹ́ rà á kì í sábà fi ẹnu ara rẹ̀ dán an wò kó tó sanwó: àwòrán ló rí, orúkọ ló gbọ́, iye owó ló sì ń yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan náà fi ń ti ẹnu akọrin ìjọ jáde ní Ìwárò-Ọ̀kà, ti ẹnu ọmọ yunifásítì tó ń ṣe ráàpù ní Àkùngbá, ti ẹnu ààfáà tó fẹ́ máa gba wáàsí rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́, àti ti ẹnu akéwì tó fẹ́ fi ewì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Àkúrẹ́: máìkì wo ló dára tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ?

Èsì tí wọ́n sábà máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n ra kọ̀ńdẹ́ńsà, nítorí òun ni wọ́n ń lò ní sítúdíò. Irọ́ kọ́. Àmọ́ sítúdíò ni wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe ní pálọ̀. Nínú irú ilé tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé máìkì dàínámíìkì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan yóò gba ohùn tó ṣe é gbọ́ ju kọ̀ńdẹ́ńsà tí owó rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta jù ú lọ, àfi bí onítọ̀hún bá ti tún yàrá rẹ̀ ṣe ná. Ó ní ibi tí èmi náà á ti ní kí èèyàn ra kọ̀ńdẹ́ńsà, màá sì dé ibẹ̀.

Ohun tó wà nínú dàínámíìkì kò ṣòro. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, wọ́n lẹ wáyà tí wọ́n ká róbótó mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n sì gbé mágínẹ́ẹ̀tì yí i ká. Bí ohùn bá kọlu awọ, wáyà á mì, iná kékeré á jáde. Awọ pẹ̀lú wáyà yìí wúwo díẹ̀, ìró òkè tó fẹ́lẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mì. Awọ ti kọ̀ńdẹ́ńsà kò gbé ohunkóhun pọ̀n, ó fúyẹ́ gan-an. Ó kọjú sí pẹrẹsẹ irin kan, àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń fẹ̀ tó sì ń súnkì bí ohùn ṣe ń dé. Kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Bó ṣe fúyẹ́ tó ló jẹ́ kó máa gbọ́ mímí akọrin, aago ara ògiri, àti ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an náà ló ń jẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni E. C. Wente ló ṣe kọ̀ńdẹ́ńsà tó wúlò ní Amẹ́ríkà ní 1916, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé ibi àwo orin. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, lọ kọ àwọn orin ìjọ Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922, kò sí máìkì níbẹ̀. Ìwo ńlá ni wọ́n ń kọrin sí láyé ọjọ́un, ẹni tó bá jìnnà sí ẹnu ìwo, ohùn rẹ̀ kò ní hàn nínú àwo. Ọdún 1925 ni gbígba orin sílẹ̀ pẹ̀lú máìkì àti iná tó di ọjà. Ó wá di 1962 kí Gerhard Sessler àti James West, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti ìpínlẹ̀ Virginia, tó ṣe irú kọ̀ńdẹ́ńsà kan ní ilé ìwádìí Bell Labs tí iná inú awọ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Electret ni wọ́n ń pè é, òun ló sọ máìkì di ohun tí ọmọ tálákà lè rà. Púpọ̀ nínú kọ̀ńdẹ́ńsà olówó pọ́ọ́kú tó ń wọ Nàìjíríà, ìran electret ni wọ́n.

Ní 1966, ilé iṣẹ́ Neumann ti Jámánì ṣe máìkì kan fún rédíò ìjọba Norway, wọ́n sì fi iná 48 fóòtì gba inú wáyà kan náà tí ohùn ń gbà. Iná yẹn ni àwọn ọmọ sítúdíò wa ń pè ní fáńtọ̀m. Ọdún yẹn kan náà ni Shure ti Amẹ́ríkà gbé SM58 jáde, dàínámíìkì tí kò béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi méjèèjì yìí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú yàrá wàyí. Èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́ níbí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níbùú, méjìlá lóròó, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ dán, táìlì nílẹ̀, gíláàsì lójú fèrèsé, páànù lókè. Kò sí ohun rírọ̀ kankan níbẹ̀ tí ohùn lè bá wọlé, àfi bẹ́ẹ̀dì. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó ti ògiri kan dé èkejì kó sì padà nínú yàrá yìí, kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Etí kò lè ya irú ìró bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn tó bí i, wọ́n á kàn dàpọ̀ ni, orin á sì máa dún bí èyí tí wọ́n kọ ní bálùwẹ̀. Kò sí pùrodúsà tó lè yọ ìró bálùwẹ̀ kúrò lára ohùn tán lẹ́yìn tó ti wọnú rẹ̀.

Yàrá tó dọ́gba níbùú lóròó tún burú ju èyí tí kò dọ́gba lọ. Láàárín ògiri méjì tó fi ẹsẹ̀ bàtà méjìlá jìnnà síra, ìró tó ń mì ní ìgbà 47 àti ìgbà 94 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń bá ara rẹ̀ pàdé, á sì máa wú. Bí ìbú àti òró bá jẹ́ ọ̀kan náà, wíwú ti apá méjèèjì á gun orí ara wọn. Èyí tó ń mì ní ìgbà 94 yẹn, apá ìsàlẹ̀ ohùn ọkùnrin tó ń kọ báàsì ló bọ́ sí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn yín ń wú ní ibì kan ṣoṣo nínú orin, tí kò sì wú níbòmíràn, ẹ má tíì bú máìkì. Ẹ kúrò ní àárín gbùngbùn yàrá, ẹ sún sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ tún un kọ.

Ti ariwo ìta ńkọ́? Ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ gba Àkùngbá wọ Ìkàrẹ́ ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, tírélà tó bá ń gun ún a máa kérora, ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì gba ara búlọ́ọ̀kù kọjá bí ẹni pé ògiri kò sí níbẹ̀. Ìlú tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń gbé ni Ìkàrẹ́: ìpè ìrun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ìsọjí lálẹ́, àìsùn lọ́jọ́ Ẹtì. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, òjò lórí páànù lè dá iṣẹ́ dúró nígbàkigbà. Àsìkò tó dákẹ́ jù ni láti bí aago kan òru títí di ìgbà tí àkùkọ àkọ́kọ́ bá kọ. Ẹni tó bá ń gbé inú Ọ̀kà lókè lọ́hùn-ún, tí ilé rẹ̀ jìnnà sí títì, ti jèrè lórí èyí láìná kọ́bọ̀.

Nínú irú yàrá báyìí ni wọ́n ti ń ní kí èèyàn gbé máìkì tó ń gbọ́ gbogbo nǹkan wá. Dàínámíìkì, ní tirẹ̀, ohun tó sún mọ́ ọn ló ń fẹ́. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ìkúùkù kan jìnnà sí i, ohùn yín á ga ju ìró ògiri lọ fíìfíì. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn kí àyè náà di ìlọ́po méjì, ohùn tó ń lọ tààrà á fi 6 dB (òṣùwọ̀n agbára ìró) dín, àmọ́ èyí tó ń ti ara ògiri bọ̀ kò ní dín. Sísúnmọ́ yìí ṣeé ṣe pẹ̀lú kọ̀ńdẹ́ńsà náà, kí n má purọ́. Àmọ́ bí ẹnu bá sún mọ́ irú rẹ̀ jù, báàsì á wú, atẹ́gùn ẹnu á máa lu awọ, akọrin á sì máa fà sẹ́yìn láìmọ̀. SM58 ní fóòmù nínú orí rẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Àwọn kan rò pé orí pèpéle nìkan ni dàínámíìkì wúlò. Ní 1982, nígbà tí Michael Jackson ń ṣe Thriller, Shure SM7 ni Bruce Swedien, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, gbé síwájú rẹ̀. Dàínámíìkì ni. Ọmọ SM7 yẹn, tí wọ́n ń pè ní SM7B, ń lọ ní nǹkan bí 400 dọ́là báyìí, nítorí náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ tiwa. SM58 ló wà níbẹ̀, ní nǹkan bí 100 dọ́là. Bí dọ́là kan bá jẹ́ N1,500, N150,000 nìyẹn, kí owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò tó gun orí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni XM8500 ti Behringer wà, tí kò ju nǹkan bí 25 dọ́là lọ. Lórí ìwé, àwọn méjèèjì ń gba ìró láti ìgbà 50 dé ìgbà 15,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́nu akọrin, SM58 tẹ́jú jù, kì í sì í gbé ariwo ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó tún lè já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó ṣì máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ orin tí ẹ ń kọ lé lórí bá ti ń lọ, ìlù ń dún, gìtá ń dún, ẹni tó máa mọ ìyàtọ̀ á ní etí. Bó bá jẹ́ pé owó SM58 máa jẹ́ kí ẹ ra sáúǹdì káàdì burúkú, ẹ ra XM8500.

Sáúǹdì káàdì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà, gan-an ni ibi tí dàínámíìkì ti ń fìyà jẹ ènìyàn. Iná tó ń ti inú rẹ̀ jáde kéré. AT2020 ti Audio-Technica, kọ̀ńdẹ́ńsà tí owó rẹ̀ kò jìnnà sí ti SM58, ń gbé iná tó tó ìlọ́po méje ti SM58 jáde lórí ohùn kan náà. Nítorí náà, ẹ ní láti yí géènì sókè gan-an bí ẹ bá ń lo dàínámíìkì, bí káàdì bá sì jẹ́ yẹpẹrẹ, ìró “ṣààà” á bá a gòkè. Behringer UM2 á gbé e fún ẹni tó ń gbé ohùn sókè, bí olórin ìyìn tàbí oníwáàsí. Scarlett Solo ti Focusrite á gbé e fún ẹni tí ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ti SM58 fúnra rẹ̀ lọ. Káàdì kékeré tí wọ́n ń pè ní V8, tó ní bọ́tìnnì ẹ̀rín àti bọ́tìnnì àtẹ́wọ́, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ni kí èèyàn máa bá ayé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ má fi gba orin.

V8 yìí ni wọ́n sì máa ń tà pọ̀ mọ́ BM-800, máìkì tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Páálí kan ṣoṣo: máìkì tó rí bíi ti sítúdíò ńlá, apá irin tí wọ́n ń dè mọ́ tábìlì, àwọ̀n tó ń dènà atẹ́gùn ẹnu, kébù. Ojú ló kọ́kọ́ ń rà á. Tí ẹ bá tú u, electret kékeré kan ni ẹ ó sábà bá nínú ikòkò ńlá yẹn. Kébù tó máa ń bá a wá lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹnu róbótó ti hẹ́ẹ̀dfóònù ní apá kejì, èyí tó ń fún un ní iná fóòtì díẹ̀ látinú kọ̀ǹpútà dípò 48 fóòtì tí olùtajà kọ sára páálí. Yóò dún, àmọ́ kò ní lágbára, ariwo á sì bò ó. Bí ẹ bá ti ní in tẹ́lẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù: ẹ ra kébù XLR gidi, irú tí wọ́n ń lò ní sítúdíò, ẹ fi í sára káàdì tó ní fáńtọ̀m, ẹ ó rí i pé ó sàn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí kò bá tíì rà á ni mò ń sọ fún pé kó fi owó náà sílẹ̀ ná.

Mo sọ pé mo máa dé ibi tí kọ̀ńdẹ́ńsà ti tọ́. Ohùn rírọ̀ ni. Obìnrin tó ń kọrin bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ààfáà tó ń ké Kùránì láìpariwo, ẹni tó ń ka ìtàn, akọrin mẹ́ta tó fẹ́ yí máìkì kan ká, gìtá tí kò gba iná: dàínámíìkì á mú kí gbogbo wọn dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. AT2020 ni kí irú wọn rà, bí yàrá bá ti dákẹ́. Àwọn kan á sọ fún yín pé NT1-A ti Rode ni kí ẹ rà, nítorí ariwo inú rẹ̀ jẹ́ 5 dB péré, nígbà tí ti AT2020 jẹ́ 20. Òótọ́ ni nọ́ńbà náà. Àmọ́ yàrá tó dákẹ́ lóru, tí fáànù kò yí, ń dún tó nǹkan bí 30 dB. Ariwo yàrá ti gbé ariwo máìkì mì tipẹ́tipẹ́. Owó tí ẹ bá fi lé e nítorí ìyẹn, ẹ kò ní gbọ́ ohun tí ẹ rà.

Ohun kan ń dà mí láàmú nípa kọ̀ńdẹ́ńsà olówó pọ́ọ́kú: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ìró òkè ga jù, kí ó lè dún bí ohun tó mọ́ ketekete létí ẹni tó ń dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìró “s” àti “ṣ” á wá máa gún etí. Nínú orin Yorùbá, níbi tí “ṣe” àti “Olúwa ṣeun” ti ń tẹ̀ lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ yí ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀ gan-an, yóò dín kù.

Ní ti atẹ́gùn ẹnu, èdè wa ràn wá lọ́wọ́. “P” Yorùbá, tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń pa pọ̀ pè, kì í tú atẹ́gùn síta bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. “Gb” náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ “ọpẹ́” àti “agbára” kò ní lu máìkì bíi kó kọ “praise” àti “power”. Àwọn olórin ìhìnrere wa tó ń pa èdè méjèèjì pọ̀ ni wọ́n nílò àwọ̀n jù. Kò sídìí láti rà á: ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́, tí ẹ nà sára wáyà ìkáṣọkọ́ tí ẹ tẹ̀ róbótó, ìlọ́po méjì, kó fi ìka mẹ́rin jìnnà sí máìkì.

Àtúnṣe yàrá ni mo rò pé ó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó owó. Kéréètì ẹyin tí àwọn ọmọ sítúdíò ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò dá ariwo ìta dúró, kò sì fa ìró bí wọ́n ṣe ń rò. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń tà lórí fóònù ń gba ìró òkè nìkan, á wá fi ìró ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó máa wú, ohùn á sì dún bí ẹni tó wà nínú àgbá. Ohun tó nípọn ló ń ṣiṣẹ́: mátírẹ́ẹ̀sì tí ẹ gbé nàró, búláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí ẹ ká ní ìlọ́po, wọ́dúróòbù tí ẹ ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú agbádá àti bùbá inú rẹ̀. Ibi tí ẹ gbé e sí ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Iwájú ni irú máìkì tí à ń sọ níbí ti ń gbọ́ràn, ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ohun tó dojú kọ ni ẹnu yín àti ògiri tó wà lẹ́yìn yín. Nítorí náà ẹ̀yìn ara yín ni kí mátírẹ́ẹ̀sì wà. Mo ti rí i tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn máìkì, níbi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn máìkì ni kí ẹ kọ sí fèrèsé àti sí ìhà tí jẹnẹrétọ̀ wà.

Iná náà wà lára ọ̀ràn. Káàdì tó ń gba iná láti ara kọ̀ǹpútà alágbèéká, bíi UM2 àti Scarlett Solo, kò nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ ṣájà kúrò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìró “hùùù” tó ń tọ máìkì lẹ́yìn lọ́pọ̀ ilé ń ti ara ṣájà àti wáyà iná wá, àwọn ènìyàn á sì máa rò pé máìkì ló bàjẹ́.

Máìkì USB rọrùn nítorí káàdì ti wà nínú rẹ̀. Blue Yeti, tó jáde ní 2009, ni ọ̀pọ̀ mọ̀. Ó ní ọ̀nà ìgbọ́ràn mẹ́rin tí èèyàn lè yí sí, ẹni tó bá sì gbàgbé yí i sí èyí tó ń gbọ́ gbogbo ìhà á gba gbogbo ilé sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni Yeti ti ń gbọ́ràn, AT2020 náà bẹ́ẹ̀, BM-800 náà bẹ́ẹ̀; ẹ má kọrin sí orí wọn bíi máìkì pèpéle. Àìdára USB ni pé ọjọ́ tí káàdì inú rẹ̀ bá kú, máìkì bá a kú. N kò ní sọ pé kí akọrin rà á. Oníwáàsí tàbí ẹni tó ń ka ìròyìn lè rà á.

Ẹni tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣe aláìní. Boya BY-M1, máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há ẹ̀wù, ní wáyà mítà mẹ́fà, ó ń lọ tààrà sínú fóònù tó ní ihò hẹ́ẹ̀dfóònù, áàpù BandLab sì ń gba ohùn lé orí ìlù lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ìhà ló ti ń gbọ́ràn, nítorí náà fún orin nínú yàrá táìlì, kò tọ́. Àmọ́ ó tọ́ fún iṣẹ́ kan tó yẹ kí Àkókó máa ṣe ju bó ṣe ń ṣe lọ. Àgbègbè kékeré yìí ní èdè bí Arigidi, Akpes àti Ukaan, yàtọ̀ sí ẹ̀ka Yorùbá tiwa, àwọn àgbà tó mọ orin àti ìtàn wọn sì ń lọ. Ẹ há BY-M1 sí igbáàyà ìyá àgbà, ẹ jókòó sí abẹ́ igi níbi tí kò sí ògiri tó máa dá ìró padà, ẹ fi fóònù gba ohun tó ń sọ sílẹ̀. Ohùn òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ á hàn tó fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ èdè náà.

Owó wá ńkọ́? XM8500 ní 25 dọ́là, UM2 ní nǹkan bí 50: ó lé díẹ̀ ní N110,000 lórí N1,500 sí dọ́là kan, kébù XLR, ìdúró máìkì àti hẹ́ẹ̀dfóònù tó bo etí kò sí níbẹ̀, owó ọkọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe orin ẹyọ kan péré lọ́dún, kó kó owó rẹ̀ lọ sí sítúdíò, kó sanwó wákàtí. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni rírà máa pé.

SM58 ayédèrú pọ̀ lọ́jà ju ojúlówó lọ ní ojú tèmi. Ojúlówó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 298, nítorí náà ẹ wá òṣùwọ̀n. Èyí tí wọ́n ń tà bíi SM58-LC kì í ní bọ́tìnnì ìtànpa lára, kì í sì í bá kébù wá. Bí ẹ bá rí LC lára páálí, tí bọ́tìnnì àti kébù sì wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì ti gbogbo ọjà, ẹ̀yin náà mọ̀.

Nígbà tí ẹni tí ẹ rán níṣẹ́ bá sì wà ní Alábà, ẹ ní kó so máìkì mọ́ káàdì àti kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó. Kó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan ní ìwọ̀n ìkúùkù sí ẹnu, kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ariwo abẹ́nú, kó mi wáyà lẹ́bàá ẹnu kébù bóyá yóò já. Kó wá fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ńtì. Kó má fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ o, nítorí WhatsApp á fún ohùn náà pọ̀, máìkì tó dára àti èyí tí kò dára á sì dún bákan náà létí yín ní Ìkàrẹ́.